Sọ̀fíyù Gbajámọ̀ àti Orí Mẹ́ta inú Yàrá Ẹ̀yìn

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú táàsì ní Ifangni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igolo, ohun tí o máa kọ́kọ́ rí ni àwọn ìgò epo bẹntiróò lórí tábìlì. Ohun kejì ni Sọ̀fíyù gbajámọ̀ tó ń wò ọ́. Kò ní kí ọ, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Yóò wo bàtà rẹ, yóò wo ẹrù rẹ, yóò wá tẹjú mọ́ orí rẹ bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Má bínú sí i o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti ń fá orí lábẹ́ àtíbàbà páànù yẹn. Ọmọ tuntun ọjọ́ méje, òun ni. Ọmọ ilé kéú, òun ni. Arúgbó tí ọwọ́ ara rẹ̀ kò dé ìpàkọ́ mọ́, òun náà ni. Láti ibi títí dé Tchaada, orí tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ kò pọ̀. "Ojú lè purọ́, ẹnu lè purọ́," ló máa ń wí, "ọwọ́ tèmi kì í purọ́." Wọ́n ní ó dijú nígbà kan, ó fọwọ́ kan orí ọkùnrin mẹ́fà tó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣì. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi wà lára àwọn mẹ́fà náà.

Ìfura rẹ̀ ńkọ́? Ha! Ìfura loògùn àgbà, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Sọ̀fíyù ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ. Ibi ìsọmọlórúkọ tó bá lọ fá orí ọmọ, omi tó bu láti ilé rẹ̀ ló ń mu. Bí ènìyàn bá fún un lẹ́bùn, ó máa sùn lé e lórí kó tó tú u wò. Èyí tó wá ń pa àwọn ará àdúgbò lẹ́rìn-ín jù ni ti orí ara rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan ní Ifangni tó fi abẹ kàn án rí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wọ táàsì lọ sí Sakété, lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tó ń fi ojú kan ṣoṣo ríran. "Ẹni tó bá gbé orí fún ènìyàn, ẹ̀mí ló gbé fún un," ni Sọ̀fíyù wí. Gbogbo ìlú ti tẹrí ba fún abẹ rẹ̀, òun kò tẹrí ba fún ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Irú ọkùnrin yìí ni Géraud wá gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Áà, orí ẹni ló ń muni dé ibi tí a ń lọ.

Géraud jẹ́ olùkọ́ tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ Àjàṣẹ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Nàgó, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi pé bí ẹ̀rù bá bà á tàbí tí inú rẹ̀ bá dùn jù, Faransé ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ kan. Prof ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Orí rẹ̀ ti ń pá níwájú, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà kí Sọ̀fíyù fá a mọ́lẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni Sọ̀fíyù fún un. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé tí Prof fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àpò ìyẹ̀fun funfun kan wọlé. Ó ní pílátà ni, ẹfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó bá kán ní ọsibítù. Sọ̀fíyù wo ẹsẹ̀ Prof méjèèjì, kò sí èyí tó kán. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Hàsíátù, ìyàwó Sọ̀fíyù, rí Prof lọ́dọ̀ alápatà, tó ń gba agbárí àgbò, tó wé e sínú ìwé ìròyìn bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín.

"Agbárí lásán," ni Hàsíátù wí, "kò tilẹ̀ sí ẹran lára rẹ̀."

"Ìyá Chérifath," ni ọkọ rẹ̀ wí, nítorí Chérifath ni àkọ́bí wọn tó ti lọ sílé ọkọ, "mo ti sọ fún ọ. Ọmọkùnrin yìí, àyà mi kò gbà á."

"Ta ni àyà rẹ gbà rí?"

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wá burú. Abẹ wà ní àárín orí Prof gan-an nígbà tó béèrè pé, "Bàbá, ibo ni egungun orí ènìyàn ti nípọn jù?"

Abẹ dúró. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Rien, Bàbá. Mo kàn ń ronú ni."

Rien! Sọ̀fíyù kò gbọ́ Faransé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ rien, pé kò sí nǹkan kan. Gbogbo ẹni tí àwọn dúwánì, àwọn aṣọ́bodè, bá dá dúró ní Igolo, rien ló máa ń sọ pé òun gbé, kí wọ́n tó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú gbogbo ayé ríran. Ó fá ìyókù orí náà kíákíá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ìyẹn ni Samiratou sọnù.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Samiratou, ọmọ Fàtímọ̀ tó ń ta gàrí lódìkejì ọ̀nà. Sọ̀fíyù ló fá orí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà ló tún fá a nígbà tí làpálàpá mú un. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ náà ti ń sọdá wá, á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á na orí síwájú pé, "Bàbá, wò ó bóyá ó ti hù." Sọ̀fíyù á fọwọ́ pa orí náà, á ní, "Ó ku díẹ̀." Òun nìkan ni ọkùnrin yìí kì í fura sí lábẹ́ ọ̀run. Fàtímọ̀ lọ pọn omi láàárọ̀, nígbà tó dé, kò bá ọmọ. Wọ́n wo kànga, wọ́n wo oko ọ̀pẹ, àwọn zémidjan gun ọ̀kadà wọn lọ títí dé Ko-Koumolou, wọ́n ń béèrè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí Samiratou. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun Sọ̀fíyù. Ó jókòó, ó ń wo bẹ́ńṣì tó ṣófo, ẹ̀rù ń bà á bí ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn, òjò dé pẹ̀lú ìjì. Prof wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá, omi ń fẹ́ wọlé. Sọ̀fíyù mú kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tí Prof kò mọ̀ pé ó wà láyé, ó wọlé lọ tì í. Inú yàrá ṣókùnkùn. Lórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nǹkan mẹ́ta wà ní títò, aṣọ tútù bo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó na ọwọ́ sí èyí tó tóbi jù, lórí aṣọ.

Ó rí roboto. Ó dán. Ó tutù. Kò tóbi ju orí ọmọdé lọ, wọ́n sì ti fá a mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ti fá orí fún ọdún mọ́kàndínlógójì dúró níbẹ̀, ó sọ ohun tó mọ̀ fún ẹni tó ni ín. Sọ̀fíyù kò ṣí aṣọ. Kò lè ṣí i. Ó ní bí òun bá ṣí i tí òun rí ojú ọmọ yẹn, òun kò ní lè jáde láàyè nínú yàrá náà. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Hàsíátù gbọ́, ó ká ọwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí lọ́gbọ́n ju ọkọ rẹ̀ lọ, gbogbo wa la mọ̀. "Bàbá Chérifath, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, o kò mọ̀ ọ́n? Jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn dé. Ṣí aṣọ náà lójú rẹ̀. Bóyá agbárí àgbò yẹn lo fọwọ́ kàn."

"Àgbò ní ìwo! Ìyá Chérifath, ọwọ́ mi kì í purọ́."

"Ojú rẹ ńkọ́? Kí ni ojú rẹ rí?"

Kò dúró gbọ́. Ó wọ inú òjò lọ bá Múdàṣírù, délégué tó jẹ́ olórí àdúgbò, ó sọ gbólóhùn kan péré sí i létí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyin lohùn? Zémidjan kan ń yà fún òjò lábẹ́ òrùlé Múdàṣírù, etí rẹ̀ kò sì di. Òjò kò tíì dá tán tí àgbàlá Sọ̀fíyù fi kún. Igi wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé ìgò epo bẹntiróò lórí tábìlì lójú ọ̀nà, ẹni tó ni tábìlì kò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àsìkò náà ni Prof sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, báàgì ìwé lọ́rùn rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín pé òjò ti pa òun. Wọ́n gbá a mú. Fàtímọ̀ fa ẹ̀wù rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdí. "Ọmọ mi dà? Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ọmọ mi dà?" Prof la ẹnu, Faransé ló jáde. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, ó ń sunkún, kò sí ẹni tó gbọ́. Bó ṣe ń sọ èdè tí wọn kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rò pé irọ́ ló ń tò.

"Ẹ dúró!" Múdàṣírù bọ́ sáàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mo ní kí ẹ dúró! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí a tó rí ohun tó wà nínú yàrá yẹn. Ẹ gbé e jáde."

Wọ́n gbé pákó náà síta, wọ́n gbé e ka orí bẹ́ńṣì Sọ̀fíyù gan-an. Wọ́n ká aṣọ kúrò. Orí mẹ́ta ni o, funfun báláú, òkè orí nìkan, kò sí ojú, kò sí ẹnu, bí ìgbà tí wọ́n gé e kúrò lókè ojú. Àwọn obìnrin figbe ta. Fàtímọ̀ ṣubú lulẹ̀. Ẹni tó gbé ìgò epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ẹranko ni!" Prof ti rí Yorùbá rẹ̀ he. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹranko ni! Èmi ni mo fi pílátà mọ ọ́n!"

"Ẹranko wo ló ní orí báyìí?" ni wọ́n ké mọ́ ọn. "Ẹranko wo?"

Múdàṣírù yíjú sí Sọ̀fíyù. "Ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Gbogbo wa la mọ ọwọ́ rẹ. Fọwọ́ kàn án lójú wa, kí o sọ ohun tó jẹ́. Ohun tí o bá sọ, òun ni a óò gbà."

Sọ̀fíyù wo Prof, ó wo ìgò epo. Ó wá yé e pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa sun ọmọ ọlọ́mọ. Bí òun bá sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òpùrọ́ ni òun lójú ìlú tó ti gbé orí fún òun láti ìgbà èwe. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sún mọ́ ọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó wá àwùjẹ̀, ibi tí orí ọmọ ti máa ń mí, tó máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka kódà nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà. Kò sí. Ó wá ojú ibi tí egungun orí ti so pọ̀. Kò sí. Ó gbé e, ó dojú rẹ̀ dé: egungun náà nípọn ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, ó gbá mú tìì, kò fi àyè ọpọlọ sílẹ̀ bí ti ènìyàn. Ìka rẹ̀ wá dé ìpàkọ́, ibi tí kò fọwọ́ kàn nígbà tó wà lábẹ́ aṣọ. Kókó kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n tò yípo bí àgbàdo lára ṣùkù. Yéè, Sọ̀fíyù, kí lo ṣe yìí?

Ó fọwọ́ kan ìkejì. Iwájú rẹ̀ wú díẹ̀ péré. Ó fọwọ́ kan ìkẹta, èyí tó kéré jù, òkè rẹ̀ tẹ́jú bí àwo. Ó padà sí ìpàkọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún padà. Fún ìṣẹ́jú kan ó gbàgbé àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ó gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn tò lórí pákó: pẹrẹsẹ ṣáájú, èyí tó wú díẹ̀ tẹ̀ lé e, roboto kẹ́yìn.

"Kì í ṣe ènìyàn," ló wí. "Kì í sì í ṣe ẹranko mẹ́ta. Irú ẹranko kan ṣoṣo ni. Èyí ni ọmọdé rẹ̀, èyí ni ọ̀dọ́, èyí ni àgbà. Iwájú orí ló ń wú bó ti ń dàgbà. Ìpàkọ́ kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ènìyàn."

Prof dẹ́kun ẹkún, ó ranjú. "Bàbá, ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìgò kò tíì gbà. "Bàbá Sọ̀fíyù, ṣé kì í ṣe ọwọ́ yẹn náà ló ní Samiratou ni láìpẹ́ yìí? Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Mo ṣì í," ni Sọ̀fíyù wí. "Orí aṣọ ni mo ti fọwọ́ kàn án. N kò dé ìpàkọ́. N kò ṣí i wò. Ọwọ́ mi sọ díẹ̀, ẹnu mi ló sọ ìyókù."

Ó fa abẹ rẹ̀ yọ. Àwọn ènìyàn padà sẹ́yìn. Ó di orí roboto yẹn mú láàárín orúnkún méjèèjì bó ti máa ń di ọmọdé tó bá ń jà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Kò fi ìkánjú ṣe é. Ẹfun funfun ń dà wálẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó ń dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dà sórí ilẹ̀ tútù. Ó bu díẹ̀, ó na án sí wọn. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ta ló rí egungun tó ń rún báyìí rí?"

Múdàṣírù fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan fọwọ́ kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. Ẹni tó gbé ìgò epo dé e padà, ó lọ gbé e sórí tábìlì tó ti gbé e, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Múdàṣírù ní kí Prof sọ ohun tí ẹranko náà jẹ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀wù yíya lára rẹ̀. Ó ní Stegoceras ni àwọn onímọ̀ ń pè é, pé ó wà láyé kí ènìyàn kankan tó wà, ní ìhà Kánádà. Kò tóbi ju ewúrẹ́ lọ, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, ewé ló ń jẹ. Ó ní mọ̀lẹ́bí ńlá kan tó gùn ju màlúù lọ, tí egungun orí rẹ̀ nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Àwọn kan ní wọ́n ń kan ara wọn bí àgbò, ìdí nìyẹn tí òun fi gba agbárí àgbò lọ́dọ̀ alápatà láti wo bó ti nípọn tó. Ara wọn ti jẹrà tán, òkè orí yìí nìkan ni wọ́n sábà máa ń rí nínú ilẹ̀. Òun mọ ọ́n fún àwọn ọmọ kíláàsì òun, òun sì dí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ ẹ́ jù kó sán. "Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi pe èyí tó tẹ́jú ní ẹranko mìíràn," ló wí. "Wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ọmọdé ni."

"Wọn kò fá orí kan láti kékeré dé àgbà rí ni," ni Hàsíátù wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Kó tó di àsálẹ́ ni bàbá Samiratou gun ọ̀kadà dé láti Tchaada, ọmọ náà níwájú rẹ̀, bọnbọ́ọ̀nù lẹ́nu. Òun àti Fàtímọ̀ ti ń jà tipẹ́, ó sì ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Fàtímọ̀ fi ojú ọkùnrin yẹn rí lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí. Samiratou sọdá wá, ó na orí. "Bàbá, ṣé ó ti hù?" Sọ̀fíyù fọwọ́ pa á, títí dé ìpàkọ́.

O rò pé ó ti parí? Kò parí. Prof ra àgádágodo tuntun. Hàsíátù gbé oúnjẹ lọ fún un, ó dúpẹ́, àwo náà padà bó ṣe lọ. Omi tó ń mu, ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbé e bọ̀. Bí Sọ̀fíyù bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á yíjú kíákíá. Sátidé kìíní kọjá, kò wá fá orí. Sátidé kejì, irun ti hù yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì rí i tó ń kó ẹrù sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí yàrá mìíràn. Sọ̀fíyù mọ àìsàn tó mú ọmọ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kó o. Ojú tì í débi pé ó ń fẹ́ sunkún.

"Prof," ló pè é láti abẹ́ àtíbàbà. "Wá jókòó. Jẹ́ kí n fá a fún ọ kó o tó lọ."

Prof dúró lókèèrè. Ó wo abẹ. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ọwọ́ yín kò purọ́, mo rí i. Ẹnu yín ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Àwọn awakọ̀ táàsì gbọ́. Fàtímọ̀ lódìkejì gbọ́. Àgbàlagbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, Sọ̀fíyù kò sì mọ ọ̀rọ̀ tó lè tán irú nǹkan báyìí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, irun funfun ti hù lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ náà kò lọ sí Sakété. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níbi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó. Ó di ẹnu abẹ mú, ó na èèkù rẹ̀ sí Prof.

"Fá tèmi."

"Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n fá. N kò fá orí ẹnikẹ́ni rí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Prof wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹrù rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó gba abẹ. Sọ̀fíyù tẹrí ba, ọkùnrin tó ń wo gbogbo ayé tìfura-tìfura yẹn, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Abẹ bọ́ sórí àwùjẹ̀, ó yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣàn wá sí iwájú orí rẹ̀. Prof fa ọwọ́ sẹ́yìn, "Ah, pardon, Bàbá, pardon!"

Sọ̀fíyù kò mira, kò lajú.

"Máa fá a lọ," ló wí.